Wọ́n Ń Pè Mí Ní Wáyà

Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí wá láti ìlú kékeré kan ní Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé èèyàn á ti rí àlejò lókèèrè, á sì se oúnjẹ jinná kí onítọ̀hún tó dé. Ọkùnrin tó kọ ọ́ ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ìlú náà, torí wọn ò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á mọ̀. Mo gé lẹ́tà náà kúrú:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọdún kan àbọ̀ rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti wà níbí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lòun ti ń ṣiṣẹ́, èmi ń wa tírélà tó ń kó ọkà. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú yìí ti sú mi. Tí mo bá ra àlùbọ́sà tó pọ̀ díẹ̀, ẹni tó ń gbowó á bi mí bóyá a fẹ́ ṣe ìnáwó. Nínú oṣù Kẹjọ tó kọjá, mo jí, mo bá nǹkan aláwọ̀ ewé gbọọrọ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Mo pe pásítọ̀ wa n'Íbàdàn, a gbàdúrà fún wákàtí kan gbáko. Bàbá kan wà tó máa ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Mo fún un lówó, ó fajú ro. Kòtò ni wọ́n ń pè é, torí ó wa kátakáta sínú kòtò lọ́dún 1987. Ẹ wò ó, wọn kì í gbàgbé nǹkan! Ohun tó wá dójú tì mí jù ni ti oṣù Kìíní. Mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, mi ò rántí pé wáyà iná ṣì wà lára mọ́tò mi. Mo fi wọ́lẹ̀ láti ilé títí dé iwájú ilé kọfí. Láti ọjọ́ náà, Wáyà ni àwọn bàbá tó máa ń jókòó síbẹ̀ ń pè mí lédè wọn. Mo ti gba iṣẹ́ kan ní Brampton, ìlú ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi, torí ó fẹ́ràn ibí. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀?"

Ọmọ mi, má bínú, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín kí n tó mú bírò. Mo mọ irú ibi tí ò ń sọ. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ, mo bá a gbé oṣù mẹ́rin ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Regina, olú ìlú Saskatchewan, nínú òtútù, èmi tí mo máa ń wọ súẹ́tà tí òjò bá rọ̀ l'Óṣogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà yìí kí ẹ má baà rò pé orí ọkùnrin náà dàrú. Òtútù ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé òdì 40. Níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n Celsius àti ti Fahrenheit ti ń di ọ̀kan náà, kò sí pé à ń jiyàn mọ́. Mọ́tò tó bá sun ìta, ọ́ìlì rẹ̀ á ki bí àmàlà àná, kò ní jí láàárọ̀. Ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sára ẹ́ńjìnnì tó ń mú un móoru. Ẹnu wáyà rẹ̀ á yọ síta níwájú mọ́tò bí ahọ́n ajá, wọ́n á sì fi wáyà gígùn so ó mọ́ iná ilé. Àwa ń wá iná tá a máa fún fíríìjì, wọ́n ń fi iná bọ́ mọ́tò lọ́hùn-ún.

Kí n tó dé orí orúkọ rẹ, jẹ́ kí n tú pásítọ̀ sílẹ̀ ná. Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ kì í ṣe ẹbọ. Zucchini ni, ìbátan elégédé. Tó bá di oṣù Kẹjọ, ṣe ló máa ń so bíi pé wọ́n rán an níṣẹ́, tí ilé kan ò ní lè jẹ ẹ́ tán. Wọ́n á wá máa wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Wọ́n tún máa ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò ẹlòmíì, kí wọ́n jù ú sórí àga, kí wọ́n sì sá. Àwàdà wọn ni pé ìgbà zucchini nìkan lèèyàn ń ti mọ́tò rẹ̀ pa. Gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀gúsí. Mo jẹ ẹ́, kò pa mí.

Mo mọ̀ pé ìka náà á ti bí ọ nínú rí, bó ò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ọkọ̀ méjì bá pàdé lọ́nà oko, awakọ̀ á gbé ìka ìfábẹ̀lá kan ṣoṣo sókè lórí sítíárì, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní wò ọ́ lójú. Èmi rò pé èébú ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ọkọ ọmọ mi tó sọ fún mi pé ìkíni ni: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú òtútù, ẹ kú àfaradà, gbogbo rẹ̀ lórí ìka kan. Ṣé ìwọ ń dá wọn lóhùn?

Ó yá, Wáyà. Bàbá rẹ á ní ibi tó ti ń ta ayò nírọ̀lẹ́. Tábìlì kọfí yẹn, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní coffee row, abẹ́ igi ayò ni. Wọ́n ń sọ ti òjò tí kò rọ̀, iye tí kánólà, irúgbìn tí wọ́n ń fi ṣe òróró, ń lọ, bí Roughriders, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, ṣe gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, àti ẹni tó ra àlùbọ́sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ṣé o ti gbàgbé bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe nílé tìrẹ ni? Kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Á wò ó, á sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, á pe èkejì ní Akọ̀wé, á pe ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò lè sọ ẹni tí kò fojú sí lára lórúkọ.

Ká ní ìwọ nìkan ni wọ́n fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tàbí pé àwọ̀ rẹ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni màá bá ọ di ẹrù. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ ọ́ pé bàbá tó ń kó yìnyín fún ọ ti ń jẹ́ Kòtò láti 1987. Ara wọn ni wọ́n kà ọ́ sí! Béèrè iye wáyà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti fà já. Nígbà tí ọkọ ọmọ mi fa tiẹ̀ já, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kan fọwọ́ lé e léjìká, ó ka mẹ́fà fún un, ó sì ní ọ̀kan já lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Síbẹ̀, kọ́ wọn ní orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́, má gbà kí wọ́n sọ pé ó ṣòro. Ẹni tó lè pe Saskatchewan, tó jẹ́ èdè àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, fún odò tó ń ṣàn kánkán, lè pe orúkọ Yorùbá, ì báà jẹ́ Olúwáfẹ́mi.

Má fún Kòtò lówó mọ́. O bù ú kù ni. Dín púfpúf gbígbóná lọ́jọ́ tí yìnyín bá já, kí o gbé e lọ bá a lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ń ṣe curling, eré ìdárayá orí yìnyín kan, lọ bá wọn gbálẹ̀. Òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 kílò ni wọ́n ń tì lórí yìnyín, àwọn méjì á máa fi ìgbálẹ̀ sáré níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá borí ló ń ra ọtí fún ẹni tó pàdánù. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an.

Ó ku ti Brampton. Ibẹ̀ ni mo ti bínú sí ọ. O ní báwo ni kí o ṣe gbé e kalẹ̀, bíi pé o ṣì ń gbèrò. O ti gba iṣẹ́ náà! Wáyà kò burú tó ìyẹn. Obìnrin kan ń fọ ara àwọn arúgbó ìlú náà lójoojúmọ́, ó mọ ìyá Kòtò, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í wá kí i, ìwọ sì ti tu àgọ́ lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ẹ̀rín àwọn bàbá márùn-ún. Bóyá Brampton lẹ máa lọ náà nígbẹ̀yìn, mi ò mọ̀. Owó ilé ibẹ̀ á kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó lé e.

Ṣé o tiẹ̀ rò pé kò tíì mọ̀? Ìlú tí wọ́n ti ń ka àlùbọ́sà! Tó bá jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ láti Brampton, ó ti gba ọwọ́ obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, ó sì ti rí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sọ fún un lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ á ṣí lọ́la.