Ẹ Bi Rẹ́wáyà Bàálù

Bàbá Rẹ́wáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláṣọ ni mí ní ọjà Balógun, mo sì máa ń gbé ọjà lọ sí Àbújá. Láìpẹ́ yìí, a ti jókòó sínú bàálù ní Ìkẹjà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ni éésì bá dákẹ́. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Kò pẹ́, iná orí wa náà kú, ó tún tàn. Nígbà tí éésì máa padà dé, nǹkan funfun bí èéfín ń tú jáde lókè, ni obìnrin kan lẹ́yìn mi bá figbe ta: “Iná o! Ẹ ṣílẹ̀kùn!” Ẹ̀rín làwọn òṣìṣẹ́ bàálù ń rín. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àbí kí n máa wọ bọ́ọ̀sì lọ ni?
Ìyá Aláṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá Aláṣọ, ẹ má wọ bọ́ọ̀sì kankan. Kò sí ewu nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí yẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà ní ìdí bàálù lẹ́yìn pátápátá, APU là ń pè é. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì ṣiṣẹ́, òun ló ń fún yín ní iná, òun náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn tí éésì ń lò. Tí páílọ́ọ̀tì bá fẹ́ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn yẹn kan náà ni wọ́n fi ń yí i, nítorí náà wọ́n á gbà á lọ́wọ́ éésì ná. Ibẹ̀ ni ooru yín ti wá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró dáadáa, wọ́n á gbé iná kúrò lórí APU, wọ́n á gbé e sórí ti ẹ́ńjìnnì. Nínú Boeing 737, tó pọ̀ ní Ìkẹjà, iná méjì kì í pàdé lórí wáyà kan. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ já kí èkejì tó wọlé, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fa ṣéńjóófà láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀ nílé. Ohun tó mú iná ṣẹ́jú nìyẹn.

Èyí tó funfun yẹn, kùrukùru ni. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, àgàgà lásìkò òjò; tí atẹ́gùn tútù bá pàdé ọ̀rinrin tó bá wa wọlé, àfi kó funfun. Mo ti rí ọkùnrin onísúùtì tó fò kọjá àga méjì nítorí ẹ̀. Kì í rùn, kì í ta ojú, kì í tíì dé itan yín tó fi ń parẹ́. Èéfín wáyà yàtọ̀ pátápátá. Òórùn rọ́bà jíjó ló máa ń ṣáájú rẹ̀, á sì máa ta yín lọ́fun. Òórùn yẹn ni kẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ pariwo. Lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ tó jó mọ́ inú ófùnù wọn ni. Ẹ ṣáà pè wọ́n.

Ní ti ẹ̀rín yẹn, inú mi ò dùn sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí wọ́n tó sítáàtì, ẹnikẹ́ni ò ní pariwo.

Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ní bàálù tí wọ́n ti pa, tí kò séèyàn nínú ẹ̀, kò lè gbiná. Ṣé òótọ́ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Akọka

Irọ́ ni, ọmọ mi. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2013, Boeing 787 ti Ethiopian Airlines gbiná níbi tí wọ́n gbé e sí ní Heathrow, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lókè lápá ìrù rẹ̀, tó máa ń ké pe àwọn olùdóòlà bí bàálù bá já. Bátìrì lithium tirẹ̀ ló ń lò, kò gba iná lọ́wọ́ bàálù rárá. Àwọn olùwádìí rí i pé wọ́n ti fi ìdérí ẹ̀rọ náà tẹ wáyà bátìrì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wáyà kanra, bátìrì gbóná kọjá ààlà, ó sì jó òrùlé bàálù.

Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, 787 ti Japan Airlines ló ṣe é ní Boston. Bátìrì tí wọ́n fi ń sítáàtì APU ló gbiná. Àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ inú bàálù ló kọ́kọ́ rí èéfín. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ní háńgà tí mo ti ṣiṣẹ́, àìmọye àléébù wáyà ló jẹ́ pé imú àwọn obìnrin agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ló máa ń wọ ìwé. Kò pẹ́ tí ti Boston ṣẹlẹ̀ ni bátìrì 787 mìíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀ lójú òfurufú Jàpáànù, ni wọ́n bá dá gbogbo 787 àgbáyé dúró títí Boeing fi ṣe àpótí irin tó le fún bátìrì náà.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n yọ páwà báǹkì mi kúrò nínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù, wọ́n ní kí n gbé e dání. Bó bá léwu, kí ló dé tó fi máa wà láàárín èèyàn? 30,000 ni wọ́n kọ sára tèmi.
Oníṣòwò, Súrùlérè

Nítorí pé bó bá gbiná láàárín èèyàn, wọ́n á tètè rí i. Oògùn panápaná abẹ́ bàálù lè pa ahọ́n iná, kò lè mú bátìrì lithium tútù. Omi ló ń mú un tútù, omi sì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ má sì tì í sókè níbi ẹrù o. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, Airbus ti Air Busan fẹ́ gbéra láti Busan ní Kòríà lọ sí Hong Kong, kò tíì kúrò lójú kan, ni iná bá bẹ́ láti ibi ẹrù orí. Páwà báǹkì làwọn olùwádìí fura sí. Àwọn èèyàn 176 tó wà nínú ẹ̀ ló jáde láàyè, òrùlé sì jó tán. Òfin ni pé kí bàálù tó gbàwé àṣẹ, gbogbo èrò gbọ́dọ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, ìdajì ilẹ̀kùn péré ni wọ́n á sì ṣí. Kò sí àyè báàgì nínú ìṣirò yẹn, kódà bí owó ọjà bá wà nínú ẹ̀.

Tiyín tó jẹ́ 30,000 mAh, ẹ fi 3.7, ìyẹn fólítì bátìrì inú rẹ̀, sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 1,000: 111 Wh, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tí iléeṣẹ́ bàálù ń wò. Àṣẹ ò pọn dandan fún èyí tí kò bá ju 100 lọ, ṣùgbọ́n láti 100 sí 160, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò ní Súrùlérè, tàbí kẹ́ ẹ ra ti 20,000, 74 Wh nìyẹn. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lára, tẹ́ ẹ rà lábẹ́ bíríìjì, ẹ fi í sílé.