Ọ́ìlì ọkọ̀ kì í ṣe oògùn kúrúnà ajá

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ káàsán o. Àwọn tó ń gbé ilé kejì wa n'Ìbàdàn kó lọ, wọ́n fi ajá wọn sílẹ̀ lórí ṣéènì. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, irun ti re tán lára rẹ̀, ó sì ń họ ara ṣáá. Mẹkáníìkì àdúgbò ti bá wa wá ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ ni ká fi pa á lára? Ṣé a sì lè fi ọlọ́pàá mú àwọn tó ni ín?

Ìdáhùn: Ẹ má fi pa á rárá. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé ajá tó dúdú mìnìjọ̀ wá bá mi. Èyí tí mo rí kẹ́yìn, awọ ẹ̀yìn etí rẹ̀ ń bó bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi.

Mo mọ ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á pa á lónìí, tó bá di ọ̀túnla ajá á dẹwọ́ ara híhọ, wọ́n á ní ó ti jẹ́. Kòkòrò tó ń fa kúrúnà, ojú lásán kò lè rí i. Ọ́ìlì lè pa èyí tó wà lókè awọ, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ ń gbẹ́ ihò sínú awọ ni, ibẹ̀ ló ń yé sí, ẹyin á sì pa láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Irú kejì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìdí irun gan-an ló ń gbé. Ebi àti ìyà ló sábà máa ń jẹ́ kó ráyè. (Ìyẹn kì í ran èèyàn. Ti àkọ́kọ́ ló lè mú kí ara yín náà máa yún yín.) Ajá sì rèé, ó ń lá ara rẹ̀: òjé àti ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì ń lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀. Èyí tó gba ojú egbò wọlé tún wà lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ti fi ọ́ìlì náà pa á lára, ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe kẹrosíìnì. Bó bá ti lá a, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì mú un bì. Ọ́ìlì náà lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Lọ́dọ̀ wa, a ó fi abẹ ha awọ rẹ̀ díẹ̀, ká fi maikirosíkóòpù wo irú kòkòrò tó jẹ́, ká tó mọ oògùn. Ẹ má lọ ra ivermectin (oògùn apakòkòrò) ti màlúù kí ẹ máa fojú díwọ̀n rẹ̀ o. Bí ajá bá ṣe wúwo sí la fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì lè ṣe irú ajá bíi Collie àti àwọn Alsatian kan ní jàǹbá. N kò lè sọ iye tí ẹ máa fún un láì rí i.

Èyí tí ẹ kò bèèrè ló ń bà mí lẹ́rù jù: oúnjẹ. Ajá tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó bá jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹja tàbí adìẹ sísè, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, ṣíbí mélòó kan, nígbà 4 sí 6 lójúmọ́. Omi kò gbọdọ̀ wọ́n ọn.

Ti ọlọ́pàá: abala 495 nínú òfin Criminal Code ní kí ẹni tó fìyà jẹ ẹranko fẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura tàbí kó san ₦50. Àádọ́ta náírà! Síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ajá náà pẹ̀lú ṣéènì kí ẹ tó tú u.

Aṣọ tó nípọn ni kí ẹ fi di ọwọ́, nítorí dìgbòlugi. Bó bá gé yín jẹ, kódà kó má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ dá a padà fún mẹkáníìkì.