Ṣé kí n san owó fọ́ọ̀mù kí n tó rí owó oko?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kuje ní Abuja ni mo ń gbé, mo fẹ́ dá oko ata àti tòmátò, mo ti rí ilẹ̀ rẹ́ǹtì. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní òun á bá mi gba owó tí gọ́mẹ́ǹtì ń fún àwọn obìnrin àgbẹ̀, pé kí n kọ́kọ́ mú ₦15,000 wá fún fọ́ọ̀mù. Ọkọ mi ní kí n san án. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án o, Ìyá Ìbejì! Ó máa ń dùn mí gan-an torí owó irúgbìn àwọn obìnrin wa ni wọ́n ń fi irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kó lọ. Báńkì tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ yín, inú báńkì lẹ máa ti san án, wọ́n á sì fún yín ní rìsíìtì.

Ẹ wá àwọn obìnrin bíi tiyín, ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní èèyàn 10 kí wọ́n tó lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Báyìí náà ni Nigeria for Women Project, tí World Bank gbé owó sí lọ́dún 2018, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger tó múlé gbè wá àti ní Kebbi, àwọn obìnrin ń dáwó jọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n ń yá ara wọn. Tí ìwé ìdáwó yín bá ti ní àkọsílẹ̀ tó dáa, ẹ lè gbé e lọ bá Bank of Agriculture, báńkì tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, Kaduna ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà.

Tòmátò yẹn ló ń kọ mí lóminú. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ebola tòmátò, jẹ oko run ní Kaduna débi tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì, ẹni tó yáwó gbìn ín ṣì máa san gbèsè, oko sì ti lọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ata pọ̀ ju tòmátò lọ lọ́dún àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì béèrè ìnṣọ́ránsì oko ní NAIC, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbẹ̀, nínú Abuja níbí ni wọ́n wà, ìjọba sì máa ń bá àgbẹ̀ san ìdajì owó ẹ̀ lórí àwọn irè oko kan, ẹ bi wọ́n bóyá ata àti tòmátò wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ẹ sọ fún wọn pé orúkọ tiyín ni kó wà lórí ìwé rẹ́ǹtì ilẹ̀ yẹn, kí baálẹ̀ sì fọwọ́ sí i, torí ẹni tó fẹ́ yá yín lówó máa béèrè ẹ̀.