Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fa aró sí ọmọ mi lára?

Ìbéèrè: Dókítà, mo kí yín. Ọmọbìnrin mi pé ọdún méjì lóṣù tó kọjá. Nínú fọ́tò ni a ti rí i pé ọmọlójú ọ̀tún rẹ̀ ń tàn funfun. Àwọn oníṣègùn ojú ní kókó kan wà lẹ́yìn ẹyinjú náà. Wọ́n fẹ́ fún un ní oògùn oorun, kí wọ́n fa aró kan sí i lára, kí wọ́n sì ya àwòrán inú ojú náà. Aláró ni ìyá ọkọ mi. Ó ní aró kì í ṣe ohun tí à ń fi sínú ẹ̀jẹ̀, kí n dúró di ẹ̀yìn Ọdún Ọ̀ṣun ná. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ọmọ, Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ìyá Ọmọ, ẹ kú ìfaradà. Ìyá wa kò jayò pa, nítorí ẹni tó ti ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró láti kékeré mọ bí aró ṣe ń wọra. Ṣùgbọ́n èyí kò bá ẹ̀lú tan rárá. Fluorescein ni wọ́n ń pè é, ó pọ́n bí omi ọsàn, àwọn dókítà sì ti ń fi ya ojú ènìyàn láti ọdún 1961, nígbà tí Novotny àti Alvis gbé iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Bí wọ́n bá fà á sí iṣan ọwọ́, kíá ni yóò dé ojú. Iná búlúù tí kámẹ́rà ń tàn sí i yóò mú kí ó máa dán bí ewé tútù, dókítà yóò sì rí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà àti ibi tó ti ń jò. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọlójú tó bá funfun ni jẹjẹrẹ wà: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú tó sì ń jò ló ń fa àrùn Coats, nígbà tí retinoblastoma jẹ́ jẹjẹrẹ gidi. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò gé díẹ̀ lára kókó náà yẹ̀ wò, bí wọ́n ti ń ṣe fún kókó ọmú. Bí wọ́n bá ki abẹ́rẹ́ bọ ojú tí retinoblastoma wà, jẹjẹrẹ náà lè gba ojú ihò yẹn jáde; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbára lé àwòrán, títí kan ultrasound, tó máa ń fi ohun líle bí ẹfun hàn nínú kókó náà.

Àwọ̀ ara rẹ̀ lè pọ́n fún wákàtí mélòó kan, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má fòyà. Kò wọ́pọ̀ kí ara kọ̀ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n bí ó bá ní ikọ́ fée, tàbí tí oògùn kan ti bá a jà rí, ẹ sọ fún wọn ṣáájú.

Ìdádúró di ẹ̀yìn ọdún ni ó ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá jẹ́ retinoblastoma, nígbà tó ṣì wà nínú ẹyinjú ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù. Bó bá ti gba iṣan ojú lọ sí ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ mú wọn dání kí wọ́n yẹ ojú tiwọn náà wò, nítorí àrùn yìí lè wà nínú ẹbí.