Ariwo abẹ́ 100 Hz yẹn: ẹ bi omi léèrè kẹ́ ẹ tó mú ọkọ̀

Bí mo ṣe lóye ìbéèrè yín nìyí: ẹ so hydrophone, ìyẹn makirofóònù abẹ́ omi, mọ́ okùn lábẹ́ bọ́ì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lójú omi. Ó wọ mítà 6 nínú omi tó jìn tó mítà 10, níbi tí ọ̀sà Èkó ti ń bọ́ sókun. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ fún wákàtí 24, ariwo ràbàtà kan sì kún gbogbo abẹ́ 100 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ wá fẹ́ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá pé ọkọ̀ ojú omi ló fà á, torí pé ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má tíì kọ ọ́. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi ibẹ̀ kò jìn, omi tí kò jìn kì í sì í gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá rìn. Ìgbì ohùn tó bá gùn jù fún ààyè tó wà láàárín ojú omi àti iyanrìn kì í ríbi gbà. Inú iyanrìn ló máa ń rì sí. Kẹ́ ẹ lè mọ ààlà náà, ẹ mú eré tí ohùn ń sá nínú omi, kẹ́ ẹ fi ìlọ́po 4 ìjìn omi pín in. Nínú omi òkun tó móoru tó 28°C, tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú kílò kan, ohùn ń sá nǹkan bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. (Bí òjò bá mú kí iyọ̀ já sí 15, á já sí nǹkan bí 1,520. Kò ba ìṣirò wa jẹ́.) 1,540 tá a fi 40 pín, 38.5 Hz nìyẹn, ìyẹn tí ìsàlẹ̀ omi bá le bí àpáta. Bó bá jẹ́ iyanrìn tí ohùn ń sá mítà 1,700 nínú rẹ̀, ààlà náà á gòkè dé nǹkan bí 90 Hz. Ti ẹrẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó wà ní kìlómítà mélòó kan síbẹ̀ kò lè máa rán 30 Hz sí yín látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tó bá kọjá nítòsí lè ṣe é, àmọ́ tiẹ̀ á gòkè, á sì lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ta ló wá ń kùn? Okùn yín lẹ́ni àkọ́kọ́ tí mo fura sí. Bí omi ṣe ń ṣàn kọjá lára okùn, ó ń yí bìrí lẹ́yìn rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, lọ́tùn-ún, lósì, ó sì ń mi okùn náà. Vincenc Strouhal, ará Czech, wọn irú ìkùn bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1878 lórí wáyà tó ń la afẹ́fẹ́ kọjá, ìṣirò náà sì bá omi mu: 0.2, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po eré omi, kẹ́ ẹ fi ìbú okùn pín in. Fún okùn mìlímítà 8 nínú omi tó ń ṣàn ní mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 20 Hz ló máa jáde. Bí omi bá rọlẹ̀ dé mítà 0.2, 5 Hz ni. Ẹ lọ wo spectrogram yín, ìyẹn àwòrán tó ń fi Hz tó ń dún hàn bí àkókò ṣe ń lọ. Ìlà tó bá ń gun òkè láti 5 sí 20 tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi ṣe ń kún tó ń fà, okùn ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò mọ ìgbà tí omi ń kún. Ọkọ̀ tí abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ ní ewé 4, tó ń yí nígbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, á fún yín ní ìlà 8, 16, 24 Hz tí kì í kúrò lójú kan. Ẹ kàn ṣọ́ra o: bí okùn bá le dan-in dan-in, ìlà tiẹ̀ náà lè dúró sójú kan fúngbà díẹ̀, kó tó fò lójijì.

Ẹnì kejì ni omi fúnra rẹ̀ tó ń gbá hydrophone lójú. Ìyẹn kì í ṣe ohùn rárá, àmọ́ ẹ̀rọ yín kò mọ ìyàtọ̀. Ìfúnpá ni ìfúnpá lójú tiẹ̀. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, ìfúnpá yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn á fi 12 dB ga sí i (dB la fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó).

Ẹ gé wákàtí 24 yẹn sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò dB láàárín 10 sí 100 Hz fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré omi. Bí wọ́n bá jọ ń ga tí wọ́n jọ ń rọlẹ̀, ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má fi ìwé àkókò tí omi ń kún díwọ̀n eré o. Lẹ́nu ọ̀sà, ìgbà tí omi dúró kì í sábà bá ìgbà tó kún jù mu. Ẹ ju ọsàn sómi. Bó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 12 ààbọ̀ láti rin mítà 10, 0.8 nìyẹn. (Eré ojú omi ni, ti ìsàlẹ̀ máa ń dín.)

Ẹni tó bá ní hydrophone méjì, kó fi mítà kan sáàárín wọn. Ìgbì 50 Hz gùn tó nǹkan bíi mítà 30, nítorí náà ohùn gidi á bá àwọn méjèèjì bákan náà, coherence, ìyẹn bí ohun tí àwọn méjèèjì gbọ́ ṣe bára mu tó, á sún mọ́ 1. Omi tó ń gbá wọn lójú kò ní jọra, á sún mọ́ òdo. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n so méjèèjì mọ́ okùn kan ṣoṣo. Okùn á mi àwọn méjèèjì pọ̀, coherence á ga, wọ́n á ní ọkọ̀ ni. Okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nígbà míì, ẹ gbàgbé bọ́ì. Ìgbì ojú omi á máa fà á sókè sódò. Ẹ gbé e lé férémù onírin tẹ́ ẹ fi kọnkéré kílò 40 tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí hydrophone wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sókè iyanrìn, níbi tí eré omi ti dín. Bó bá sún mọ́lẹ̀ jù, iyanrìn á máa ta sí i lára, ẹ ó sì máa gbọ́ ṣàràṣàrà lókè 1 kHz. Ẹ má fi irin di hydrophone mú, okùn rọ́bà ni kẹ́ ẹ fi gbé e kọ́. Ẹ má lo ṣéènì. Ẹ fi téèpù wé gbogbo ibi tí irin ti lè kan irin.

Ẹ fi aṣọ tó ń fà tàbí fóòmù tó ní ihò gbayawu bò ó, kẹ́ ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sáàárín. Ẹ kọ́kọ́ rẹ fóòmù náà sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún un lábẹ́ omi títí afẹ́fẹ́ ò fi ní jáde mọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá kù síbẹ̀ á dí ohùn lọ́nà. Ẹ fi omi ọṣẹ nu ara hydrophone náà.

Ẹ fi high-pass 10 Hz, ìyẹn filter tó ń dí ohun tó wà nísàlẹ̀ 10 Hz lọ́nà, ṣáájú amplifier tó ń sọ iná hydrophone di ńlá, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà. Bí omi bá ti mú kí amplifier gé orí ìgbì, gígé yẹn á bí ìlà irọ́ sókè, kò sì sí filter tó lè yọ ọ́ mọ́.

Ní ti dB: bí hydrophone yín bá jẹ́ −180 dB re 1 V/µPa (µPa la fi ń wọn ìfúnpá), tí gain, ìyẹn ohun tí amplifier fi kún un, jẹ́ 20 dB, tẹ́ ẹ sì rí 1 mV, tó jẹ́ −60 dB tá a bá fi wé 1 V, −60 ẹ yọ 20, ẹ fi 180 kún un, 100 dB re 1 µPa ni. Ẹ má fi wé dB inú afẹ́fẹ́. Ti afẹ́fẹ́ ń ka láti 20 µPa. Ohun tó ń dún bí ẹni ń dín àkàrà láàárín 2 sí 20 kHz, edé ni, wáyà yín kò bàjẹ́.

Kí ẹ̀rọ tó wọ omi, ẹ fi ìka kan hydrophone lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ kọ aago tẹ́ ẹ kàn án sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jáde. Aago inú ẹ̀rọ máa ń sún, ibi tẹ́ ẹ ó sì ti mú un nìyẹn kẹ́ ẹ tó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ eré omi.