Ẹ Bi Mí Léèrè: Àwọn Tó Kúrò ní Ìlú Ọba Lọ sí Ọsirélíà

Nínú lẹ́tà tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tó ń di ẹrù kúrò ní Ìlú Ọba lọ sí Ọsirélíà ló pọ̀ jù, òyìnbó àti ọmọ wa tó ti gba páàsípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì. Kò yà mí lẹ́nu. Èmi tí mò ń dáhùn yìí, nọ́ọ̀sì ni mí. Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ṣí wá sí àríwá Perth, àdúgbò tí etí èèyàn ti ń gbọ́ ohùn Liverpool àti Newcastle nínú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì bíi pé òkun ò sí láàárín. Mo mú mẹ́rin nínú lẹ́tà yín. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba ààyè jù, nítorí iná ti wà lórí òrùlé.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ́kọ. Oníṣẹ́ iná ni ọkọ mi, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé wa dé Perth lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún méje. Ayé yẹ ọkọ mi níbí. Ìdájí ló ń lọ síbi iṣẹ́, kó tó di aago mẹ́rin ó ti kó àwọn ọmọ lọ sétíkun. Èmi ni mo máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí màá sunkún tán kí n tó wọlé lọ ra mílíìkì. Màmá mi ò lókun mọ́, àwọn àbúrò mi wà lọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì mi wà lọ́hùn-ún. Bí mo bá ní ká padà, ọkọ mi á ní kí n fún òun ní ọdún kan sí i. Mo ti wá rò ó pé kí n kó àwọn ọmọ lọ kí màmá mi ní Kérésìmesì, kí n sì jókòó síbẹ̀. Tí a bá ti dé ọ̀hún, kí ló lè ṣe? Ìyá Ìbejì, Perth.*

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, má dán an wò. Ohun tó lè ṣe pọ̀.

Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní Hague lọ́dún 1980, lórí ọmọ tí òbí kan bá gbé kọjá ààlà tàbí tó dá dúró sí ìlú mìíràn láìjẹ́ pé òbí kejì gbà. Ìlú Ọba wà nínú rẹ̀, Ọsirélíà wà nínú rẹ̀. Ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí àwọn ọmọ fi ṣe ilé kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀: níbo ni wọ́n ti ń lọ síléèwé, níbo ni dókítà wọn wà, níbo ni wọ́n ń sùn. Pé Manchester ni wọ́n bí wọn sí, pé páàsípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ò yanjú rẹ̀. Ọkọ rẹ á béèrè pé kí wọ́n dá wọn padà, kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló sì máa pàṣẹ pé kí wọ́n padà sí Perth, àfi tí ìdí tó lágbára gan-an bá wà. Pé ó fọwọ́ sí ìbẹ̀wò Kérésìmesì kò sọ pé ó fọwọ́ sí àìpadà. Tí ẹjọ́ lórí àwọn ọmọ bá sì ti wà ní kóòtù Ọsirélíà, kíkó wọn jáde láìgba àṣẹ lè di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ìyá tó ti Ìlú Ọba wá ni kì í gbọ́ nípa òfin yìí àfìgbà tó bá di wàhálà. Kò sí nínú ìwé aláwọ̀ mèremère tí àwọn aṣojú físà ń pín, èyí tó jẹ́ pé etíkun àti ọmọ tó wọ fìlà ló kún inú rẹ̀. Ìyá kan wà ládùúgbò mi, ọmọ Sunderland ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ túká lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ó lè wọ bàálù lọ́la bó bá wù ú, kò sẹ́ni tó dè é mọ́lẹ̀; àwọn ọmọ ni kò lè kó lọ láìjẹ́ pé bàbá wọn gbà tàbí kóòtù fún un láṣẹ. Ó dúró. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ń ka iye ọdún tó kù kí àbíkẹ́yìn rẹ̀ pé méjìdínlógún.

Ilé tìẹ ò tíì túká. Ohun tó ń dà yín láàmú ni “ọdún kan sí i” tí kò lórí, tí kò nírù. Jẹ́ kí ọkọ rẹ dárúkọ oṣù. Kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ síra yín, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp: ìgbà tí ẹ máa jókòó sọ ọ́, ohun tó máa jẹ́ kí ẹ dúró, ohun tó máa jẹ́ kí ẹ padà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò de adájọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹnì kan gbọ́, tí ẹnì kejì ní òun ò sọ. Kí o sì rí lọ́yà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìdílé kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Bí owó ò bá sí, Legal Aid ti ìpínlẹ̀ yín á kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Tí ọkọ rẹ bá gbà tọkàntọkàn pé kí ẹ padà, ẹ padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nípa ẹkún inú mọ́tò, tí oorun àti oúnjẹ bá ti ń sá fún ọ pẹ̀lú rẹ̀, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe èmi. Tó bá jẹ́ àárò nìkan, aago ló ń dá kún un. Nígbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Perth fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wọn. Nígbà ooru wọn, ó di méje. Tí o bá jí láàárọ̀ tí ọkàn rẹ fà sí màmá, wọ́n ti ń sùn. Àmọ́ nígbà tí o bá kó àwọn ìbejì dé láti iléèwé, ní nǹkan bí aago mẹ́ta àbọ̀, aago méje àbọ̀ sí mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ màmá, tíì ló wà lọ́wọ́ wọn. Fi àkókò yẹn ṣe ti yín lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ jẹ ìpápánu wọn lójú fóònù. Àwọn tó wà ní Sydney ò ní irú oríire yìí. Wákàtí mọ́kànlá ló wà láàárín wọn àti Manchester ní oṣù Kejìlá.

Bóyá ìgbà òtútù ibí ló sì bá ọ lójijì. Ilé Perth kò ní hítà tó gba gbogbo yàrá kọjá bíi ti ọ̀hún, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú ilé á wá tutù ju ìta lọ ní oṣù Keje. Kò sí ọmọ Ìlú Ọba tí mo mọ̀ tí kò ráhùn lórí èyí. Wọ́n ní òtútù làwọn ń sá fún, wọ́n wá ń wo tẹlifíṣàn nínú kúbùsù. Ra hítà kékeré, má ṣe agídí.

Àwọn ará ibí kì í ṣe ọ̀yájú sí àlejò, ṣùgbọ́n láti jẹ́léósinmi ni wọ́n ti ní ọ̀rẹ́ tiwọn. Wọ́n á kí ọ dáadáa, wọn ò ní pè ọ́ wá sílé. Níbi tí wọ́n ti nílò ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Níwọ̀n bí ọkọ rẹ ti ń kó àwọn ọmọ lọ sétíkun, fi wọ́n sí Nippers, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń bá omi òkun lò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà ooru. Àwọn òbí ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n á gbé àwo ìdáná lé ọ lọ́wọ́ pé kí o máa yí sọ́séèjì. (Bó bá dí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ìyẹn wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run.) Ẹgbẹ́ Yorùbá wà ní Perth pẹ̀lú, wọn á rí ọ, fi gèlè lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù: ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ sílé, má ṣe é ní Kérésìmesì. Ní Kérésìmesì gbogbo èèyàn wà nílé, ìrẹsì àti ẹran wà lórí tábìlì, ta ni kò ní fẹ́ dúró? Lọ ní oṣù Kejì. Kí òjò máa rọ̀, kí ilẹ̀ ti ṣú ní nǹkan bí aago márùn-ún, kí àwọn àbúrò rẹ ní àwọn wà níbi iṣẹ́. Tí Manchester bá ṣì wù ọ́ lọ́jọ́ yẹn, o ti ní èsì tí o lè gbé lọ bá ọkọ rẹ.

*Olóòtú, Ọmọ mi tó wà ní Leeds ní òun àti ìyàwó òun ń lọ sí Adelaide. Kí làwọn ará Ìlú Ọba ń wá kiri ní ọ̀gbun ayé yẹn? Àti pé, ṣé ó lè mú èmi bàbá rẹ̀ lọ? Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àwọn méjì tó kù wà ní Èkó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta.*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ìrìn náà ti pẹ́. Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1945, Ọsirélíà ń wá èèyàn, wọ́n sì sọ fún àwọn ará Ìlú Ọba pé pọ́n-ùn mẹ́wàá ni àgbàlagbà máa san fún ọkọ̀ ojú omi, ọmọdé ò san kọ́bọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó gba ọ̀nà yẹn lọ. Ẹni tí kò bá lo ọdún méjì pé, òun ló máa san owó ọkọ̀ tí ìjọba san fún un padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú àgọ́ onípáànù tó ń gbóná bí ààrò, tí wọ́n ń tò fún oúnjẹ bíi sójà. Bí ìdá mẹ́rin kan wọn ló padà sílé. Àwọn mìíràn nínú àwọn tó padà náà tún di ẹrù lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá rí i pé Ìyá Ìbejì òkè yìí kò dá nìkan ṣe é.

Adelaide tí ọmọ yín ń lọ gan-an, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kún ibẹ̀. Lọ́dún 1955 wọ́n dá ìlú kékeré kan sílẹ̀ ní àríwá rẹ̀, wọ́n fi orúkọ ọbabìnrin pè é ní Elizabeth. Àwọn tó dé láti Ìlú Ọba ń bá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Holden ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí tó fi kógbá wọlé lọ́dún 2017. Julia Gillard, tó di olórí ìjọba Ọsirélíà lọ́dún 2010, ọmọ Barry ní Wales ni. Lọ́dún 1966 ni àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Adelaide, nítorí àyà ń dùn ún ní kékeré, wọ́n sì fẹ́ ibi tí ooru wà.

Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ fúnra wa: pọ́n-ùn mẹ́wàá yẹn kò sí fún irú wa. Ìlànà ìjọba nígbà náà ni pé aláwọ̀ funfun làwọn ń fẹ́, aláwọ̀ dúdú tó ní páàsípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kan náà kò kún un. Ọdún 1973 ni wọ́n tó pa ìyókù rẹ̀ rẹ́.

Ní ti yín, Bàbá, físà òbí tó jẹ́ ti ìgbé ayérayé máa ń ka orí ọmọ. Ó kéré tán, ìdajì àwọn ọmọ yín gbọ́dọ̀ fi Ọsirélíà ṣe ilé, tàbí kí àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn kankan lọ. Ẹyọ kan ní Adelaide, méjì ní Èkó: kò pé. Ẹ má jẹ́ kí aṣojú kankan gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn. Físà mìíràn wà fún òbí, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, tí kì í ka ọmọ, àmọ́ ọmọ yín gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ tó bí ọdún mẹ́rin kó tó ṣe onígbọ̀wọ́, ẹ ò sì ní lè ṣiṣẹ́. Títí dìgbà náà, ìbẹ̀wò ni.

*Aunty, mo ti ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà èwe mi, mo fẹ́ lọ bá ọmọbìnrin mi ní Melbourne. Ṣé pẹ́ńṣàn mi á tẹ̀ lé mi? Ìyá Peckham.*

Á tẹ̀ lé yín, ṣùgbọ́n ojú kan ló máa dúró sí. Ní Ìlú Ọba wọ́n ń fi kún pẹ́ńṣàn ìjọba ní oṣù Kẹrin ọdọọdún. Ẹni tó bá fi Ọsirélíà ṣe ilé, iye tó ń gbà nígbà tó dé ni yóò máa gbà lọ, kódà bó lo ogún ọdún. Ká ní Amẹ́ríkà tàbí Philippines lẹ ń lọ, wọ́n á máa fi kún un. Kò bọ́gbọ́n mu lójú tèmi, àwọn arúgbó sì ti ń bá ìjọba fà á tipẹ́, òfin ṣì ni. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ yín, kí ẹ bá a ka owó náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń kéré sí i lọ́dọọdún, kí ẹ tó ta fúláàtì yín. Tí ẹ bá tà á, kò sí ibi ìpadàsí mọ́.

*Àwọn ọmọ wa ní àwọn ò tẹ̀ lé wa lọ sí Brisbane láìsí ajá. Ṣé ó ṣeé ṣe? Bàbá Fọlá, Kent.*

Ó ṣeé ṣe, owó rẹ̀ sì lè ju tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin fúnra yín lọ. Melbourne ni bàálù rẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí, kì í ṣe Brisbane, á sì lo ó kéré tán ọjọ́ 10 ní ọgbà àyẹ̀wò ìjọba ní Mickleham. Tí ẹ kò bá jẹ́ kí aláṣẹ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé ajá yẹn gan-an ló ni ìwé tí ẹ mú wá, ó di 30. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oṣù mélòó kan ṣáájú. Kí ẹ sì fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára bàtà bọ́ọ̀lù àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ kí ẹ tó kó wọn sẹ́rù, kí ẹ fẹnu yín sọ gbogbo oúnjẹ tó wà nínú àpótí fún àwọn aṣọ́bodè. Ẹran gbígbẹ, ẹ jẹ ẹ́ tán ní Kent.