Èsì: Ojú gbígbẹ àti àárẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tó gba mùdùnmúdùn eegun

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò. Ẹ ní ó ti pé ọdún kan tí ẹ fún un ní mùdùnmúdùn eegun yín, ìyẹn ohun rírọ̀ inú eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ń gbẹ, àárẹ̀ sì ń mú un. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín tí ẹ fún un. Ojú tó ń ta á bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́, ẹnu tó gbẹ tí òkèlè iyán ò fi fẹ́ lọ lọ́fun: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tuntun tí mùdùnmúdùn yín ń ṣe ló ń bá ara àbúrò yín jà. Ẹ pe àwọn dókítà tó ṣe é fún un lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má kàn ra oògùn ojú ní kẹ́mísìtì l'Ádó.

Torí pé ara yín ni wọ́n ti mú mùdùnmúdùn náà ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní tara rẹ̀ ni wọ́n dá padà fún un ni, ibòmíì la ó wò.

Kó tó rí àwọn dókítà náà:

1. Kó má dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.
2. Kó sá fún oòrùn ọ̀sán. Ó lè ru ìjà náà sókè lára awọ. Aṣọ alápá gígùn ni kó máa wọ̀.
3. Bí ara bá gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Àárẹ̀ yẹn lè kọjá ọdún kan. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ bèèrè àjẹsára pẹ̀lú. Agbára èyí tó gbà ní kékeré sábà máa ń parẹ́, wọ́n á tún un fún un. Ṣùgbọ́n ti èéyi, wọn kì í sábà fún un kó tó pé ọdún 2 lẹ́yìn tó gba mùdùnmúdùn náà.